Ọ̀nà Tí Alága Ò Ṣí fún Nọ́ọ̀sì Ganiyat

Nọ́ọ̀sì Ganiyat ti kú o. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ìyá kú sí ní Málù Road, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn. Ásímà ló dìde sí wọn. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ń rí òrùlé ọsibítù lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìyá yìí ló gbẹ̀bí èmi àti àwọn àbúrò mi. Ní Olódì-Àpápá wa, Yorùbá, Íbò, Ùròbò, ọwọ́ wọn la bọ́ sí. Bí wọ́n bá gbọ́ tí ọmọ ń wúkọ́ lójú títì, wọ́n á dá ìyá rẹ̀ dúró: "Ìwọ, èéfín àwọn tírélà yìí ló ń jẹ ọmọ yìí láyà. Gbé e wá sílé mi." Àṣé èéfín yẹn ń jẹ àwọn náà!

Ephraim tó wa kẹ̀kẹ́ náà sọ fún mi pé òun bọ́ sílẹ̀, òun ń lu ilẹ̀kùn tírélà: "Oga, abeg, shift! Person dey die!"

Dírẹ́bà yọrí: "Make I shift go where? You no see my front?"

Kò parọ́. Kò síbi tó lè gbà.

A ti ké pe alága ìjọba ìbílẹ̀ títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ tírélà ju agbára òun lọ. Ó dáa. Ọjọ́ fídáù pé, alága ní òun ń bọ̀ wá kẹ́dùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí tírélà kan ṣoṣo ní Málù Road! Wọ́n tilẹ̀ gbálẹ̀. Mọ́tò alága wọlé wẹ́rẹ́, ó gba máíìkì, ó ní òun máa fi orúkọ màmá sọ òpópónà kan.

Suwaibat, àbígbẹ̀yìn màmá, dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ kó àwọn tírélà lọ láàárọ̀ yìí?"

Alága ní ká fi ṣe ti Ọlọ́run.

Ti Ọlọ́run wo? Ṣé Ọlọ́run ló páàkì tírélà? Àbí èèyàn gbọ́dọ̀ kú kí ọ̀nà tó là? Ta ló bèèrè orúkọ òpópónà lọ́wọ́ yín? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tírélà ti padà sáyè wọn.

Alága, ta ló pàṣẹ tí ọ̀nà fi là fún yín? Kí ló dé tí kò pàṣẹ náà nítorí ìyá wa? Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́ fún Suwaibat. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má kó tírélà kankan kúrò. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Ephraim, kí ẹ gba ibi tí ìyá gbà.