Ọkọ Merlinda Tó Mọ Ọ̀nà Yúróòpù

Ray Ollerton mọ gbogbo nǹkan. Ó mọ bó ṣe yẹ ká máa se ìrẹsì, àwa tí à ń jẹ ìrẹsì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i. Ó mọ ibi tó yẹ kí ìjọba wa gbé iná ojú pópó sí. Ó mọ ìdí tí adìyẹ wa kì í fi í sanra. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń panu dé.

Èmi ni Jovita tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tó sì ń ya fótò pélébé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ìlú wa, Dumaguete. Merlinda, ìyàwó Ollerton, ọmọ àbúrò ìyá mi ni. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà gúnlẹ̀ sílùú wa pẹ̀lú ikùn rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, kò sì sóhun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ níbí tí mi ò lè sọ lójú rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì ni pé ó máa ń wọ inú bọ́ọ̀sì, á sì máa yẹ tíkẹ́ẹ̀tì àwọn èrò wò. Iṣẹ́ gidi ni, kò sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ bú u. Àmọ́ nígbà tó débí, ó ní ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lòun. Merlinda ló tú àṣírí fún mi pé tíkẹ́ẹ̀tì ló ń yẹ̀ wò.

Ìlú wa kún fún àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì bíi tirẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ti jókòó sílé ọtí etí òkun, wọ́n á máa bú ìlú tí wọ́n ti wá, wọ́n á máa bú ìlú tí wọ́n wà. Ollerton a máa fọwọ́ sọ̀yà níbẹ̀ pé òun wà lára àwọn tó dìbò kí ìlú àwọn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Yúróòpù. "A lé wọn dànù," ló máa ń wí, tí fóòmù bíà á wà lára irunmú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ràn jù lẹ́yìn ìyẹn ni físà ìyàwó. Àwọn fúnra wọn kì í wá físà kiri. Ṣe ni wọ́n máa ń gbé pásípọ́ọ̀tù wọn dání bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá rẹ̀. Ìyàwó wọn ló máa fi ẹ̀rí hàn pé òun kì í ṣe olè, òun kì í ṣe aṣẹ́wó, òun ò sì ní sá pamọ́ sílùú onílùú.

Merlinda ò béèrè Yúróòpù rí. Milan ló béèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Narcisa, tí gbogbo wa ń pè ní Manang Ising, ìyẹn ẹ̀gbọ́n wa Ising, ń gbé níbẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Nígbà tí ìyá wọn kú, Ising ló sọ ara rẹ̀ di ìyá. Owó ilé-ìwé Merlinda, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, títí dórí ilé tí Ollerton ń sùn sí tó ń hanrun, ọwọ́ Ising ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọjọ́ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Tó bá jáde níbẹ̀, kò lè wọlé mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wálé, àní nígbà tí a sin bàbá wọn. Wàyí o, kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A máa ń rí i lórí fóònù bó ṣe ń rù sí i. Merlinda kàn fẹ́ fojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó pẹ́ jù ni.

"Ray, jẹ́ ká lọ wo Manang Ising," ló wí fún ọkọ rẹ̀.

Ohun tí ọkùnrin yẹn gbọ́ ni pé kí wọ́n lọ gbafẹ́. Kíá, ó ti la ọ̀nà sórí máàpù: Paris, Brussels, Amsterdam, ó wá parí sí Cologne, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń mutí ń gbé.

"Milan ńkọ́?" Merlinda béèrè. Inú ṣọ́ọ̀bù mi la wà.

"A máa gba ibẹ̀ kọjá. O lè rí i ní ibùdó rélùwéè kí ọkọ̀ wa tó ṣí. Mi ò lè fò kọjá òkun lọ jókòó nílé ọmọ ọ̀dọ̀."

Merlinda wolẹ̀. Inú bí mi débi pé mo ti ìwé wọnú ẹ̀rọ lódì, ó sì há síbẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn ilé ọtí ló kọ́ Ollerton ní èyí tó kàn. Wọ́n ní èèyàn kì í gba físà lọ́dọ̀ gbogbo ìlú tó bá fẹ́ dé. Ìlú tó máa pẹ́ sí jù ló máa fún un, á sì fi rìn káàkiri yòókù. Wọ́n tún ní èrò ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ará Faransé lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì. Ni Ollerton bá dá ọgbọ́n. Ó gba ilé àlejò sí Milan láti ọjọ́ tí wọ́n máa dé títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n padà, irú èyí tí èèyàn lè fagi lé láìsanwó. Bàálù wọn náà, Milan ló máa balẹ̀ sí. Nínú ọkàn rẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa wọ rélùwéè lọ sí Paris.

"Irọ́ kọ́ lẹ pa yẹn?" mo bi í.

"Irọ́ kẹ̀? Ọgbọ́n ni. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ ò rìnrìn àjò rí."

Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ọ́fíìsì físà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́jọ́ fótò, ṣe ló dúró sẹ́yìn mi, ikùn bíà rẹ̀ ń tì mí nídìí.

"Má rẹ́rìn-ín," ó wí fún Merlinda. Mo yà á.

"Tún un yà. Ó bojú jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò ní kó máa wò bí ẹni tó fẹ́ sá. Wo ojú ẹ̀! Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣọ́ ibodè, mi ò ní jẹ́ kó wọlé."

Obìnrin kan tó ń dúró de ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi ọmọ rẹ̀ rọra sọ fún mi pé, "Manang, ṣé ọkọ ẹ̀ nìyí àbí ọlọ́pàá?"

"Èyí tó bá wù ú lọ́jọ́ náà ni," mo dá a lóhùn.

Àwọn ará Ítálì ní kí Merlinda fi hàn pé ohun kan wà tó máa fà á padà wálé. Ó kó ìwé ilẹ̀ wá, ó kó ìwé iná, ìwé omi, ìwé owó orí ilé. Gbogbo rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, torí òfin wa ò gbà kí àjèjì ní ilẹ̀. Ollerton lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ní ó dáa, ó máa wúlò. Ó wá kọ lẹ́tà tirẹ̀ lé e, ó sì dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù mi kà á sókè fún gbogbo oníbàárà: "Ìyàwó mi yìí kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan lẹ́yìn mi. Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Èmi ni mo fún un ní ibi tó forí pamọ́ sí. Mo ṣèlérí pé màá dá a padà."

"Dá a padà síbo?" mo bi í. "Sílé ẹ̀?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìjọba. Pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ ló kù, ó sọ ọ́ sórí tábìlì mi bí ẹni sọ káàdì tó máa jẹ. Ó ní ẹ̀mí ṣì pọ̀ lára rẹ̀, pé kí n wo ọjọ́ tí ìwé náà máa kú. Mi ò wo nǹkan kan; ẹ̀dà ni mo ṣe.

Físà Merlinda jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù, àwa ẹbí kó ohun tí à ń kó fún ẹni tó wà lókè òkun wá: máńgòrò gbígbẹ, ọtí kíkan àgbọn, àti ẹja gbígbẹ tí Manang Ising fẹ́ràn láti kékeré. Ollerton fimú fín ẹja náà, ó jù ú sójúde fún ológbò.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé òkú ni mo dì sínú àpótí?"

Nígbà tí Ollerton lọ wẹ̀, Merlinda jáde, ó gba ẹja lẹ́nu ológbò, ó sì wé e sínú kóòtù òtútù rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Manila, olú-ìlú wa, Merlinda ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ó sì dàbí pé mo wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù wo ìwé Merlinda, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó pé. Ó mú ti Ollerton. Ó ṣí i, ó tún un ṣí, ó pe ọ̀gá rẹ̀.

"Sà, ẹ má bínú," ni ọ̀gá náà wí, "a ò lè gbé yín. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe pásípọ́ọ̀tù yìí ti lé lọ́dún mẹ́wàá."

"Wo ọjọ́ tó máa kú! Ó ṣì kù!"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ìgbà tí ẹ gba tuntun, wọ́n bu oṣù tó ṣẹ́ kù lára ti àtijọ́ kún un. Nígbà tí ìlú yín ṣì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Yúróòpù, wọn ò jẹ́ wò ó. Ní báyìí tẹ́ ẹ ti jáde, ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n ń kà fún yín."

Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ ìwé ẹni ẹlẹ́ni wò, kò yẹ tirẹ̀ wò. Ó lanu, ó pariwo pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lòun, pé wọn ò lè ṣe òun báyìí. Wọ́n ṣe é. Àwọn arìnrìn-àjò tó wà lẹ́yìn ti ń pòṣé pé kó kúrò lọ́nà.

"Ó dáa," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, "gbé àpótí, à ń lọlé."

Merlinda ò gbé àpótí. Ó yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, ó pè é bí a ṣe ń pe ọmọbìnrin kékeré nílé wa. "Inday, èmi ńkọ́?"

"Tiyín ò níṣòro, Mà. Milan ló wà níbí, ilé tẹ́ ẹ máa sùn náà sì wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Bá mi gba àpótí mi."

"Merlinda!" Ollerton kígbe. "O fẹ́ dá lọ? O ò mọ̀nà! Ta ló máa máa se oúnjẹ fún mi?"

"Ìwọ lo kọ Milan sínú ìwé, Ray," Merlinda wí. "Mi ò ní sọ ẹ́ di òpùrọ́."

Ó ní òun ò bojú wẹ̀yìn bí òun ṣe ń lọ. Nígbà tí ẹni tó ń yẹ èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà àbájáde bi í pé níbo ni ọkọ rẹ̀ wà, ó nawọ́ sẹ́yìn pé ọkùnrin tó ń pariwo lọ́hùn-ún yẹn ni. Wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n tún kí i kú ìfaradà.

Kò pẹ́ tí Ollerton fi padà sínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fẹ́ ya fótò pásípọ́ọ̀tù. Mo gbé e jókòó síwájú aṣọ funfun.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," mo wí.

"Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bojú jẹ́ náà. Ẹ jọ ẹni tó fẹ́ sá."

Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà títí ara mi fi balẹ̀. Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù ní kóun mú ìwé kan wá tó fi hàn pé níbí lòun ń gbé, tí orúkọ òun wà lára rẹ̀. Ó ti tú gbogbo ilé, kò rí ọ̀kan. Iná, omi, ilẹ̀, Merlinda ni. Wọ́n ní kí onílé kọ ọ́ fún un nígbà náà pé ọ̀dọ̀ òun ló ń gbé. Àmọ́ onílé ò gbé ìpè rẹ̀.

"Bá mi pè é, Jovita," ló wí. "Jọ̀ọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo pè. Merlinda gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rí i lójú fóònù: ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Manang Ising ló wà, ó ń di irun rẹ̀. Ising gbé ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo sí imú. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀, nítorí náà ṣe ló ń gbóòórùn rẹ̀, ó sì dijú. Èmi náà ní láti gbójú kúrò níbẹ̀ díẹ̀.

Mo jíṣẹ́. Merlinda ní kí n sọ fún un kó dúró, òun ń dirun lọ́wọ́. Ollerton dúró. Nígbà tó ṣe, Merlinda kọ lẹ́tà náà, ó fọwọ́ sí i, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì tíì pa fóònù.

"Ẹ kà á sókè, kó má lọ ní àṣìṣe," mo wí fún un. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ka tiyín."

Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ìwé tó nílò, ó kà á: "Ray Ollerton ń gbé nílé mi. Orí ilẹ̀ bàbá mi ni ilé náà wà. Ẹ̀gbọ́n mi Narcisa ló fi owó iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ ọ. Ó lè máa gbé níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti inú fóònù, a gbọ́ ohùn Manang Ising, tí kò le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ṣé òun ló ń ka nǹkan yẹn?" ó béèrè. "Ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní tó bá délé, kó bá mi gun òkè wo òrùlé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ó ń jò."