Ọjọ́ Tí A Ya Yìnyín ní Peckham

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè dúró ní ibùdókọ̀ láì fa fìlà bo ojú. Físà tí mo fi wọ Lọ́ńdọ̀nù ti kú. Yàrá kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ní Peckham ni mò ń gbé, bí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ dé, màá ti ilẹ̀kùn, màá máa fi ọ̀dà yàwòrán sára páálí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ilé tí mo bá yà máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí, ènìyàn ibẹ̀ a sì ga ju bọ́ọ̀sì lọ. Síbẹ̀, lójú ara mi, mo ti di ọ̀gá.

Aunty kan tí a jọ ń gbélé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń tọ́jú arúgbó, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán tó máa ń pàdé ní Sátidé nínú gbọ̀ngàn kan. Mo kọ́kọ́ kọ̀, mo ní wọ́n lè béèrè ìwé. Aunty rẹ́rìn-ín: "Painting ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ jàre, ta ló ń wá passport rẹ?"

Olórí ẹgbẹ́ náà ni Alhaji, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà. Nígbà tí àwọn yòókù ń fi ilé mi tó wọ́ rẹ́rìn-ín, Alhaji wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tún un ṣe o. Bí ìwọ ṣe rí i nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀ lé wọn bí ọmọ adìẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yìnyín bo gbogbo àdúgbò. Alhaji pè mí lórí fóònù: "Snow ti bo Rye Lane! Gbé páálí rẹ wá kó tó yọ́." Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọlọ́pàá ti mú ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bermondsey lọ lójú mi, láti ìgbà náà ni mi ò ti dúró lójú títì mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ̀ fún Alhaji. Mo lọ.

A dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì. Títì dá wáí. Mo ń ya òrùlé funfun, bí mo bá sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán, màá bojú wẹ̀yìn. Alhaji rí mi. Wọ́n ní, "Ẹni à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Wo snow, ọmọ yìí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni búrọ́ṣì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n di àyà mú, wọ́n sì ṣubú sínú yìnyín.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nìkankan. Bí mo bá pe áńbúláǹsì, wọ́n á béèrè orúkọ mi, ọlọ́pàá sì lè bá wọn wá. Ẹsẹ̀ mi ti ń wá ọ̀nà ilé. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bo Alhaji, mo tẹ fóònù. Eyín mi ń gbá ara wọn bí mo ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Yìnyín ò jẹ́ kí áńbúláǹsì tètè dé. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ yọ.

Ọlọ́pàá kan sáré bọ́ sílẹ̀. "Is he your dad?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè orúkọ mi, mo sọ orúkọ mi gan-an, torí irọ́ ò tètè wá sí mi lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń fi orúkọ náà pè mí: kí n di orí bàbá mi mú, kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa sùn. Nígbà tí áńbúláǹsì gbé wọn, ọlọ́pàá náà dá kóòtù mi padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sá sí. Aunty gbé ìrẹsì wá lọ́jọ́ kan, ó tutù sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ọlọ́pàá tó wá. Aunty náà ló ti lọ gbé àwòrán tí mo fi sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Yìnyín ti bọ́ sí i, ọ̀dà ti ṣàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n ń béèrè ọgbọ́n tí mo fi ya yìnyín tó ń yọ́. Mo dákẹ́ bí ọ̀gá.

Ó ti pẹ́. Mo ti gbàwé ìgbélùú. Alhaji ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Brockley, ọwọ́ wọn ò lè di búrọ́ṣì mú mọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí wọn, wọ́n sì dédé sọ pé, "Mo ń rí ọ lọ́jọ́ yẹn o. Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò. Mo rò pé o máa sá."

"Alhaji, èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo ní ṣé báyìí ni màá ṣe dá kú sínú òtútù."

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀rù tèmi nìkan ni mo ń rántí.