Iṣẹ́ Olóṣù Méjìlá

Ìyàwó mi ka lẹ́tà tí ìjọba Kánádà kọ sí wa lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi. Inú kíláàsì rẹ̀ ní Ìkòsí la wà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì kẹta. Àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré. Àga wọn la jókòó lé, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

"Daddy," ó ní, "ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà yín sí ní Kánádà kò lọ́jọ́ tó máa parí. Lẹ́tà ẹni tó fẹ́ gbà yín sì ní oṣù méjìlá ni. Wọ́n ní èwo ni òótọ́ níbẹ̀?"

"Oṣù méjìlá náà ni. Kí ló burú?"

Ó fi ìka sábẹ́ ìlà tó kẹ́yìn. Wọ́n fún wa ní oṣù méjì láti ṣàlàyé. Bí àlàyé náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kà á sí pé mo parọ́ fún ìjọba wọn, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi fún ọdún méjì. Orúkọ òun àti ti àwọn ọmọ wa méjèèjì wà nínú ìwé kan náà.

Ẹni tó máa ń fa àgádágodo ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúrò nílé ni mí. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Owódé Onírin, ọ̀gá mi níbẹ̀ sì sọ mí ní Ọ̀gbẹ́ni Rọra, torí n kì í tan iná sí irin kankan láì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo wà níbẹ̀. Mo wà nítòsí lọ́jọ́ tí táńkì kan bú gbàmù mọ́ wẹ́dà ẹgbẹ́ mi kan lójú. Àpá tèmi wà lápá òsì títí di òní. Fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú bírò dúdú tí wọ́n ní ká lò.

Àpótí kékeré méjì ló wà níbi tí wọ́n ti béèrè nípa iṣẹ́: ọ̀kan fún iṣẹ́ tó lópin, èkejì fún èyí tí kò lópin. Èmi fúnra mi ni mo fàmì sí ìkejì, n kò sì ní in lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní Owódé, ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́ títí lọ? Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣẹ́ẹ̀dì ọ̀gá mi, ohun tó sọ ni pé, "Dúró títí iṣẹ́ yìí á fi tán." Ṣáàsí tírélà kan tó ṣẹ́ sí méjì ni iṣẹ́ náà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá nígbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ti gé ṣáàsí yẹn tà fún àwọn onírin àlòkù, èmi ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ìwé kankan láàárín èmi àti ọ̀gá. Ẹni tó wá kọ oṣù méjìlá gbáko sínú ìwé fún mi, tó fọwọ́ sí i, tó tún ní a lè fi kún un bó bá parí, lójú tèmi, títí ayé ló gbà mí yẹn.

N kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn yẹn, oṣù méjìlá kò ju oṣù méjìlá lọ. Máàkì ni wọ́n fi ń yan àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí kò lópin ní máàkì tirẹ̀. Iṣẹ́ tó lópin kò ní nǹkan kan. Láìsí máàkì iṣẹ́ yẹn, tèmi kò lè pé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àjẹ́ńtì tó bá wa fi ìwé ránṣẹ́. Òkè ilé oògùn kan ní Kétu ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà.

"Daddy, ẹ ń làágùn jù. Nǹkan kékeré ni." Ó gba lẹ́tà iṣẹ́ tó ní oṣù méjìlá lọ́wọ́ mi, ó gé bébà funfun tín-ín-rín kan, ó tẹ́ ẹ lé ìlà tí oṣù méjìlá wà, ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ fótókọ́pì. Ohun tó jáde mọ́ tónítóní. "Ẹ wò ó. Oṣù méjìlá ti lọ Ṣágámù."

Kí n má parọ́, ó wù mí. Mo di bébà náà mú, mo ń wò ó. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé àlàfo tó wà láàárín ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lẹ nǹkan pọ̀. Mo mọ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ nǹkan. Bí mo bá rí i, àwọn náà á rí i. Mo fa bébà náà ya.

"Ẹ fà á ya? Ṣé ẹ rò pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí kí n kúkú bá yín fi ránṣẹ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi ohunkóhun ránṣẹ́. Mo gba lẹ́tà gidi, mo sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù tuntun ti wọ̀ mí: orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì wa gẹ́gẹ́ bí aṣojú wa. Ó lè fi ayédèrú náà ránṣẹ́, kó rò pé oore ló ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo padà lọ kí n lè rí i pé kò sí ẹ̀dà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó lọ Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i lórí àtẹ̀gùn ni?"

Mo pe ẹni tó kọ lẹ́tà iṣẹ́ náà. Ọmọ abúlé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, a jọ ka ìwé mẹ́fà, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún tírélà ṣe lọ́hùn-ún.

"Ta ló ní kó o kọ títí lọ?" ó ń pariwo. "Oṣù méjìlá ni mo fún ẹ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá ti ṣọ́ọ̀bù mi ni?"

"Ṣé o ò wá lè tún un kọ ni?"

"Kí n kọ pé mo gbà ẹ́ títí lọ? Èmi gan-an, ṣé mo mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù yìí á wà lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ni káàdì bá tán. Mo ra òmíràn. Kò gbé fóònù mọ́.

Ìyàwó mi ló ní ká sọ bó ṣe rí gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí pé bí a ṣe ń gbani síṣẹ́ níbí nìyẹn? Ọ̀gá mi nìkan ni. Ọ̀gá mi kò sì mọ̀ pé mo fẹ́ lọ. Ìwé tí mo fi hàn tẹ́lẹ̀ pé mo mọṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wẹ́dà ni mo ti gbà á, kó má bàa gbọ́. Mo ti rí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé ó fẹ́ rìnrìn-àjò, tó ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹgbẹ́ mi ni ọ̀gá lọ́jọ́ orí. Orí ríìmù táyà ló jókòó lé nígbà tí mo sọ fún un. Ó ké sí gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ wá o! Ọ̀gbẹ́ni Rọra fẹ́ wọ bàlúù! Ẹni tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n lórí àkàbà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá. O ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Ọ̀gá. Mo rò pé ẹ máa ní kí n máa lọ."

"Kó o máa lọ síbo? Ṣé iṣẹ́ ti tán ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi jẹ́rìí sínú ìwé. Kò kọ̀, kò sì ṣe é. Ó ní lọ́la. Lọ́la dé, ó ní kí n jẹ́ kí oníbàárà kan lọ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń dá lọ́la fún mi. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mú wẹ́dà kan wá láti Ògùdù, ó fi í sí igun tí mo ti máa ń ṣiṣẹ́. N kò bi í léèrè. Mo ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun ara mi, mo ń ka ọjọ́. Kánádà ń bọ́ lọ lọ́wọ́ mi, Owódé náà ń bọ́ lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tó ní, "Mú ìyàwó rẹ wá. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n kọ."

Ìyàwó mi dé tòun ti ìwé àti bírò lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde. Ọ̀gá ń sọ, ìyàwó mi ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo gbà á síṣẹ́ títí iṣẹ́ á fi tán. Ẹ kọ ọ́ pé ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá báyìí, iṣẹ́ ò tíì tán. Bí a ṣe ń gbani níbí nìyẹn, a kì í kọ ìwé. Tí òpè yìí bá wá fàmì sí àpótí tí kò yẹ, òpè ni, kì í ṣe òpùrọ́."

"Ṣé kí n kọ òpè sí i, Ọ̀gá?"

"Mummy, ẹ̀yin ni tíṣà. Ẹ wá èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Epo ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igun bébà náà. Mo fẹ́ ká tún un kọ, ìyàwó mi ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A fi lẹ́tà tèmi sí i, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjẹ́ńtì kì í ṣe aṣojú wa mọ́, pé bébà méjì péré ló ti ọ̀dọ̀ wa wá. A sì fi í ránṣẹ́.

Oṣù gorí oṣù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bi mí pé, "Uncle, ìgbà wo la máa jó?" Mo ní láìpẹ́. Ìwé ìrìnnà ti kúrò nínú àdúrà mi. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni kí wọ́n má kọ ọ́ síbì kankan pé òpùrọ́ ni mí. Mo pàdé àjẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan ní Mile 12, mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ṣé o fi bébà yẹn ránṣẹ́?"

"Daddy! Bébà wo nínú rẹ̀?" Ó ti fò sínú bọ́ọ̀sì kí n tó la ẹnu.

Inú kíláàsì yẹn náà ni lẹ́tà ìkẹyìn bá wa, lórí àga kékeré yẹn. Ìyàwó mi ka ìlà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ fà ro.

"Wọn ò gbà á, Daddy. Iṣẹ́ tó lópin kò ní máàkì. Máàkì wa ò pé."

"Ìyẹn ti yé mi. Irọ́ ńkọ́?"

Ó ṣí ojú ewé kejì. "Wọ́n ní àwọn rí bébà méjì tí a fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn gbà pé àṣìṣe ni, pé ẹ ò ní in lọ́kàn láti tan àwọn jẹ. Kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti tún béèrè."

"Bébà mélòó?"

"Méjì."

"Tún un kà."

"Méjì ni, Daddy. Bébà méjì, kò sí ẹ̀kẹta."

Mo fọwọ́ méjèèjì bojú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún ni mò ń sun. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn ọmọ ti padà láti ibi eré, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àgbàlagbà tó jókòó sórí àga wọn. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè.

"Aunty, ṣé wọ́n féèlì ni?"

"Wọ́n féèlì," ni ìyàwó mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọn ò jíwèé wò."

Mo dìde, mo fi àga sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ṣáàsí kan tí ọ̀gá fi sílẹ̀ dè mí wà nílẹ̀ ní Owódé, mo gba ibẹ̀ lọ.