Owó Orí Ibi Tí Bàbá Mi Sùn Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjọ́ tí bàbá mi bá ń lọ san owó orí ilé, ọdún ni nílé wa. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Yóò wẹ̀ láàárọ̀, yóò wọ agbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí yídì, yóò dé fìlà, yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí gbogbo ayálégbé fi máa rí i. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ kú ìmúra o, Bàbá lánlọ́ọ̀dù, ibo lẹ wá ń lọ?" kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ká apá agbádá lé èjìká, yóò wá ní, "Mo fẹ́ lọ san owó orí ilé mi ni." Bó bá fi máa padà dé, ìyá mi á ti dín àkàrà sílẹ̀, wọ́n á fi ṣe sàráà fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Mi ò tíì rí ilé mìíràn láyé yìí tí wọ́n ti ń ṣe sàráà nítorí pé ìjọba gba owó lọ́wọ́ wọn.

Òṣòdì ni ilé náà wà, kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín. Bí rélùwéè bá ń kọjá, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ á dúró, bó bá sì ti kọjá tán, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá a dé. Ìjà tọkọtaya pàápàá, wọ́n á dá a dúró ná. Títí di òní, bí ariwo bá ṣàdédé sọ lẹ́nu ọ̀rọ̀ mi, mo máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Mọ́mì ti sùn lọ. Iwájú ilé ni bàbá mi ti ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Aswani. Ilé wa máa ń rùn fún òróró máṣíìnì àti aṣọ tuntun. Àárò òórùn yẹn ń sọ mí ju àárò oúnjẹ èyíkéyìí lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó mú kí bàbá mi fẹ́ràn ohun tí gbogbo ayé ń sá fún. Ìlú kan ní Ògùn ló ti wá, ó sì ti yá ilé gbé pẹ́ kó tó kọ́ tiẹ̀. Ìyàwó onílé kan máa ń dúró ti kànga kó lè ka iye garawa omi tí bàbá mi ń pọn. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá ti rí irú nǹkan báyìí, tó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n mú ìwé owó orí wá tí orúkọ ẹ̀ wà lórí ẹ̀, ẹ ò lè bá a sọ pé ìyà ni. Ó máa ń ní ìwé owó orí kì í wá ayálégbé wá. Ó tún fi owó náà gba àṣẹ láti máa pariwo. Bí gọ́tà bá ti dí báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì káńsù: "Mo san owó orí! Ẹ wá kó pàǹtí yín!" Ojú máa ń tì mí nígbà yẹn. Bí mo bá lè gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, mo lè fún ẹni tó bá jẹ́ kí n gbọ́ ọ ní ohunkóhun tí mo ní.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: ọ̀dà pupa. Ẹni tó bá jẹ owó orí, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù á wá fi í kọ gbèsè ọ̀hún sára ògiri ẹ̀ gàdàgbà, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á. Wọ́n kọ ọ́ sára ilé kejì sí tiwa rí, onílé ọ̀hún ò sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde mọ́ títí òjò fi fọ̀ ọ́. Nígbà tí àìsàn wá dá bàbá mi dùbúlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ogún, kò sọ̀rọ̀ máṣíìnì. Ó di ọwọ́ ìyá mi mú, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nǹkan sí mi lára o." Ìyá mi ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Iwájú ilé la sin ín sí, níbi tó ti ń tún máṣíìnì ṣe. Láti ìgbà náà, ìyá mi ló ń da ìborùn lé orí lọ san owó yẹn. Kò jẹ́ kó pẹ́ rí, kò sì fi àkàrà sàráà sílẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìjọba ní àwọn fẹ́ tún Òṣòdì ṣe, ilé wa sì wà lára àwọn tó máa lọ. Wọ́n pè wá sí ìpàdé, wọ́n fún wa ní owó gbà-má-bínú, wọ́n ní ẹni tó bá ní òkú nínú ilé lè gbé e lọ. Ìyá mi lọ bá àlùfáà tó wẹ òkú bàbá mi. Ìyẹn ní kí wọ́n má hú u, pé ẹni tó ti sùn, ó ti sùn. A fi í sílẹ̀, a kó lọ sí Ìsọlọ̀. Ní báyìí, gáréèjì ńlá ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Iwájú ilé wa ti di íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n gbin òdòdó sí i. Bí mo bá ní kò dára, irọ́ ni mo pa. Ó dára, ó mọ́, gọ́tà ibẹ̀ ń ṣàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ju ojú wọn lọ, inú mi a sì bàjẹ́.

Lọ́dún tí wọ́n parí iṣẹ́ ọ̀hún, àsìkò owó orí dé, ìwé ò dé. Ọkàn ìyá mi ò balẹ̀ mọ́.

"Wọn ò mọ̀nà Ìsọlọ̀ ni," ló wí. "Ìwé yẹn á ti máa wá wa kiri Òṣòdì."

Mo ní, "Mọ́mì, kò sílé níbẹ̀ mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ gbowó lé?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Bàbá ẹ ń bẹ níbẹ̀. Ṣé ibi tó sùn sí kì í ṣe ilẹ̀ ni? Bí a ò bá san án, wọ́n á wá fi ọ̀dà kọ ọ́ síbẹ̀, lójú gbogbo èrò mọ́tò. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà pa èmi pàápàá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Bí n kò bá tẹ̀ lé e, á dá lọ. La bá jọ gbéra.

Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju àbúrò mi lọ ló gbà wá lálejò lọ́fíìsì káńsù. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó fún un ní àga, ó gba nọ́ńbà ilé lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mà, ẹ máa mú owó yín lọ sílé. Ibẹ̀ ti di ti gọ́fúmẹ́ǹtì báyìí. Ohun tí gọ́fúmẹ́ǹtì bá kọ́ fún gbogbo ará ìlú, kì í san owó orí."

"Ta ló wá ń san án?"

"Kò sẹ́ni tó ń san án, Mà. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò."

"Ọmọ mi, ìjọba yìí lè lọ, kí òmíràn dé, kí wọ́n ní a jẹ gbèsè."

"Bíjọba bá pààrọ̀ nígbà ogún, Mà, bí ibẹ̀ bá ṣì jẹ́ ti ará ìlú, wọn ò ní béèrè kọ́bọ̀ lórí ẹ̀."

"Wọn ò wá ní kọ nǹkan síbẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà ò mọ ohun tó ń bi í, ó wo ojú mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀dà pupa fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀ láéláé, Mà." Ìyá mi gbàdúrà fún un gan-an, pé Ọlọ́run á fún un ní ilé tirẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ ni yóò sin ín. Mo rò nínú ara mi pé bàbá mi ì bá gbéra ńlẹ̀ ká ní ó gbọ́. Ọkùnrin tí kò lè jókòó sórí ilẹ̀ tí kò sanwó fún, kí wọ́n wá sọ pé ọ̀fẹ́ ló ń gbé! Àti pé kò ní lè pariwo gọ́tà mọ́.

Ìta la ti jókòó, lábẹ́ igi furúùtù, kí ìyá mi lè sinmi ẹsẹ̀. Inú mi dùn, mo sì sọ ọ́: "Ó ti parí o, Mọ́mì. Ẹ ti mú ìlérí yín ṣẹ. Kò sẹ́ni tó lè bá Dádì fa wàhálà mọ́." Ó mi orí. Ó ń wo àwọn èèyàn tó ń wọlé wá sanwó, àwọn mìíràn ń ráhùn, àwọn mìíràn ń ṣépè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n máa bá òun ṣe nìyẹn," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe fún un báyìí?"

Mo ní, "Ẹ máa ṣàdúrà fún Dádì."

"Gbogbo yín lẹ ń ṣàdúrà fún un," ni ìyá mi wí. "Èmi ni ìyàwó ẹ̀."