Ọjọ́ Tí Bàbá Gbóná Sùn Lọ Létí Òkun

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Gbóná ti ń lọ aṣọ ibùsùn nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí òkun. Síbẹ̀, tí kì í bá ṣe ìgbà tó bá ń wọlé tàbí tó bá ń jáde, kì í fojú kan omi. Yàrá iṣẹ́ wọn ò ní fèrèsé. "Ó gbóná o! Ó gbóná o!" ló máa ń ké tó bá fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lẹ́yìn èèyàn, bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bàbá ti ń wẹ̀ fún un, tí ń di irun rẹ̀ wúruwùru, tí ń gbé oúnjẹ tì í, kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Tó bá dé, ó di ìdí ààrò. Àwọn ìbejì ti lọ sí ìlú tó jìnnà. Tí wọ́n bá pè lọ́jọ́ ìsinmi, "Kò séwu o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni bàbá máa ń wí.

Dókítà ní kó máa mú ìyá rìn lójú ọ̀nà ìgbafẹ́ tó wà létí òkun, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, irin sì wà tí wọ́n lè dì mú.

"Dókítà, ta ló máa wá mú èmi náà rìn?" ni bàbá bi í. Dókítà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò ṣàwàdà.

Lọ́jọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́, wọ́n lọ. Àwọn kan ń sáré láti lè mára le, obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ta omi iyọ̀ síni lójú.

"Rọra o," ni bàbá wí.

"Mò ń rọra. Ẹ̀yin lẹ ń fà mí bí ẹni ń fa aṣọ tútù."

Nígbà tí wọ́n dé bẹ́ǹṣì kẹta, bàbá ní kí àwọn sinmi díẹ̀. Kò tíì fẹ̀yìn tì í dáadáa tí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tó máa lajú, oòrùn ti yí. Ìyá Ìbejì ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó fò dìde, ó wo inú omi lẹ́yìn irin, kò rí nǹkan kan. Ó sáré tọ ẹni tó ń ta áìsìkirímù lọ.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi rí ìyá kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀?"

"Wọ́n ti kọjá tipẹ́. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ọjà mi."

Bàbá tún sáré. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí ló ti bá a, ó di irin mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú," ni ìyá dá a lóhùn. "Tí mo bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti jí. Ni mo bá gbé ikọ́ mi lọ síbòmíràn."

Bàbá fẹ́ bínú, ẹkún ló jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá ò lè bẹ̀rẹ̀ gbé e.

"Ẹ dìde, aṣọ yín á dọ̀tí. Ta ló máa fọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá láàárín ẹkún.

"Ẹ pe àwọn ọmọ," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Irọ́ yẹn tó. Ó ti rẹ̀ yín, ó sì ti rẹ èmi náà láti máa wò yín."

Wọ́n wọ takisí lọ sílé, torí kò sẹ́ni tó tún lè rìn nínú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá pe àwọn ọmọ. Ó jẹ́wọ́ fún wọn pé irọ́ ni "kò séwu" tí òun ń wí, pé ó ti rẹ òun. Èyí obìnrin nínú wọn ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dá gbé e?"

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ náà dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀; ó ti gba ìsinmi oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́. Àárẹ̀ tó ti wọ egungun kì í jáde lọ́jọ́ kan, bàbá ò sì di ọ̀dọ́ padà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń da omi sí ìyá lára ní balùwẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí ọṣẹ. Ó dúró ní àárín yàrá, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà tó ti wọ̀ tán, ó sì padà sórí ibùsùn.