Ihò Abẹ́ Ọrùn Ọba

Ilé bàbá mi ní Òkè-Ṣópèn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mò ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi á pè mí lórí fóònù láti Èkó pé kí n kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, èmi náà á ní mò ń bọ̀, mi ò sì ní lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń tan rédíò sílẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo kàn fẹ́ kí ohùn èèyàn wà nínú ilé ni. Àdáwà kì í ṣe ohun téèyàn ń pariwo kiri, àmọ́ ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn tí ẹnì kan bá gbé owó fàdákà àtijọ́ wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Màá kọ́kọ́ jágbe mọ́ onítọ̀hún pé ó wá dí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe?

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni bàbá mi. Ṣílè ayé òyìnbó, èyí tí orí ọba wà lójú kan, tí igi ọ̀pẹ wà lójú kejì, ni wọ́n máa ń yọ́ fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí. Kí wọ́n tó ju èyíkéyìí síná, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin á sì jókòó ti ẹwìrì, a ó máa wo ohun tí wọ́n ń wò. Irùngbọ̀n ọba ni ká kọ́kọ́ wò, wọ́n á ní. Tí irun rẹ̀ bá ṣì dá yàtọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ṣì wà nìyẹn. Tí irùngbọ̀n bá ti di pẹrẹsẹ, àmọ́ tí imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì hàn, ojú ti ń lọ. Èyí tó bá ti dán bọ̀rọ́ lójú méjèèjì, ojú ti lọ, òun ló sì tọ́ sí iná. Lẹ́yìn náà la ó jù ú sórí òkúta ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Fàdákà tí kò lábùkù á dún gooro, ohùn náà á sì pẹ́ létí kó tó lọ.

Èyí tójú rẹ̀ dára jù ni bàbá mi máa ń yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tuntun. Wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á fi okùn sí i, wọ́n á so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Òkè adé ni àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn ń lu ihò tiwọn sí, kí ọba lè dúró dáadáa lójú ẹni tó ń wo ọmọ. Abẹ́ ọrùn ọba ni bàbá mi ń lu tiwọn sí, ọba á wá dorí kodò láyà ọmọ. Wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Èsì tí bàbá mi máa ń fọ̀ ni pé ọmọ ló ni owó náà, àwọn tó ń wò ó kọ́ ló ni ín. Tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sókè, ọba á dúró dáadáa lójú ọmọ. Èmi àti àbúrò mi nìkan ni bàbá bí tó yè, a sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi wà nínú àpótí aṣọ mi.

Àbúrò mi yìí mọṣẹ́ jù mí lọ fíìfíì. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè fín orúkọ èèyàn sínú òrùka kó má sì wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ bébà ní Ìwópin, ó ní òun ò ṣe fàdákà mọ́, iṣẹ́ wẹ́dà lòun fẹ́ lọ ṣe. Bàbá bínú, òun náà bínú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́, nígbà tó yá a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá kú, a wá a títí, kò wá síbi ìsìnkú. Èmi fúnra mi lọ sí Ìwópin lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó ti gba ojú ọ̀sà kọjá, wọn ò mọ ibi tó forí lé. Inú bí mi sí i débi pé tí wọ́n bá bi mí iye ọmọ tí bàbá mi bí, èmi nìkan ni mo máa ń kà. Síbẹ̀, kò sí Iléyá kan tí n kì í bu ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ara mi gan-an ò yé mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè wá bá mi. A ti mọra tipẹ́. Aago, fìtílà àti owó àtijọ́ ló ń rà kiri, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń kó irú ẹ̀ jọ l'Ékòó. Kò ní gbé owó kankan lọ sí Èkó kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọ́n bá sì ti lu ihò sí, kì í tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín rárá, ó ní àwọn oníbàárà òun ò ní fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀ kó tó jókòó. Ó gbé ṣílè kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ wo èyí."

Owó náà dára lóòótọ́. Irun irùngbọ̀n ọba dá yàtọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yà á. Ó dúdú díẹ̀ káàkiri, bó ṣe yẹ kí fàdákà àtijọ́ rí. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń ṣe tí wọ́n fi ń ba owó rere jẹ́. Mo ti fẹ́ sọ pé ojú ṣì wà. Mo kàn jù ú sórí òkúta nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe. Ohùn rẹ̀ kú. Ó dún kó, ó sì dákẹ́.

Mo mú gíláàsì tí mo fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́. Lábẹ́ ọrùn ọba, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà ibẹ̀ kò jinlẹ̀ tó àwọn yòókù. Mo yí owó náà padà, mo rí ìlà róbótó kan ní ìdí ọ̀pẹ, kò nípọn tó irun orí. Ihò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ti fi fàdákà dí i, ó tún lẹ́tà fín, ó tún ìdí ọ̀pẹ fín, ó sì jẹ́ kí ibẹ̀ dúdú bí ara owó tó kù. Mo gbé e sún mọ́ imú, mo gbóòórùn ẹyin. Inú pupa ẹyin sísè ni bàbá mi máa ń bo fàdákà tuntun mọ́ kó lè ṣú bíi ti àtijọ́, mi ò sì tíì rí alágbẹ̀dẹ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa. Òórùn yẹn kì í pẹ́ lára fàdákà. Iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ni.

Èmi àti àbúrò mi nìkan la kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá, èmi kọ́ ni mo sì ṣe é.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ihò wà níbẹ̀, wọ́n dí i ni. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní bàbá arúgbó kan tó ti òdìkejì ọ̀sà padà wá sétí omi ní Ìwópin ló gbé e fún òun pé kí òun bá a tà á, òun á kàn dá a padà fún un. Mo ní èmi ni màá dá a padà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní ọ̀nà yẹn ò dára. Mo ní ta ló bi í léèrè ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ wọkọ̀ lọ. Gbogbo bí a ṣe ń lọ ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí i lẹ́nu mi: ìwọ tí o ò sin bàbá rẹ, ìwọ tí o fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé. Mo tún un tò kó má baà ku ọ̀kan.

Yàrá kan ṣoṣo ni, omi ọ̀sà ò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó jókòó sórí àga onípákó níta, ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ọkùnrin tó mú mi wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Àbúrò mi gbójú sókè. Kò kí mi, kò dọ̀bálẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé ihò yẹn hàn?"

Gbogbo ohun tí mo tò sẹ́nu ló fò lọ. Mo ní, "Ó hàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí mo tú fó ló ń dùn ún, mo wá ń rọ̀ ọ́ pé iṣẹ́ náà dára, pé kò sẹ́lòmíràn tó lè rí i. Ó mirí. Ó ní ojú ń ti òun láti fẹnu ránṣẹ́ sí mi, lẹ́yìn tí òun ò sin bàbá. Ọkùnrin náà ti sọ fún òun pé ìyá kan ní Òkè-Ṣópèn ló ń bá òun yẹ owó wò, òun sì mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í gba owó tó bá níhò. Ìdí nìyẹn tí òun fi dí ihò owó tí bàbá so mọ́ òun lọ́rùn, kó lè gbà á, kó lè gbé e dé ọwọ́ mi.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú.

"Láti ọjọ́ tó ti gbé e lọ," ó ní, "ẹ̀rù ló ń bà mí pé mo ti dí i dáadáa jù."