Àwọn Ẹja Tó Gbààwẹ̀ ní Imeke

Òórùn kẹ́mísì tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì ṣì wà nímú mi di òní. Òórùn oògùn ikọ́ àti róòbù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà, kí èéfín ẹja yíyan tó wọlé láti ọjà, kí atẹ́gùn ọ̀sà náà tó gbé òórùn ẹrẹ̀ tirẹ̀ dé. Ìwọ náà mọ bí àwọn ọdún yẹn ṣe rí. Ológun ló ń ṣèjọba, gbogbo nǹkan gbówó lórí, iná mọ̀nàmọ́ná sì máa ń lọ bí àlejò tó bínú, kì í sọ ìgbà tó máa padà. Páálí òfìfo la tò sórí pẹpẹ wa, kí ṣọ́ọ̀bù má baà dà bí ilé tí olè kó. Mo ti lé ní ogún ọdún, síbẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ ni, nítorí pé inú ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn bàbá mi àti àwọ̀n rẹ̀, ni mo ti lo ìgbà èwe mi.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń gba iwájú wa kọjá lọ sọ́jà. Gbogbo ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀, títí kan ewúrẹ́ tó bá dènà. Èmi nìkan ni kì í bá sọ̀rọ̀, nítorí pé bí mo bá ti rí i lókèèrè ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí nu pẹpẹ tí mo ti nù tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó yà wọlé tààrà.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo fẹ́ oògùn inú. Kò jẹun mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun, ó ń fà bí òwú."

"Àgbàlagbà ni àbí ọmọdé?"

"Ẹja ni."

Ọ̀gá mi yọjú láti ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun ti bá yovó kan ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu fún ọdún gbọọrọ, yovó ni wọ́n ń pe òyìnbó ní èdè Ògù tí wọ́n ń sọ nílé wọn. Nígbà tí yovó náà ń padà sílùú rẹ̀, àpótí dígí ńlá kan tó kún fún omi àti ẹja ló fi ta bàbá òun lọ́rẹ. Ẹja náà rí pẹrẹsẹ, ó sì rí roboto bí àwo ìjẹun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ẹja àwo. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn ẹja náà ti kọ oúnjẹ, bàbá òun náà sì ti ń kọ tirẹ̀.

"Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "àwọn ẹja yẹn ló ń jí kí láàárọ̀. Bí wọ́n bá kú, mi ò mọ ohun tó máa jí fún."

Mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú rí wọn. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ò tíì rí ẹja, ojú rẹ ti ń dán báyìí! Máa lọ, ṣùgbọ́n má lọ pa ẹja ẹlẹ́ja o." Ó fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé Imeke, àdúgbò wọn. Bí àwọn ẹja yẹn bá kú lẹ́yìn oògùn mi, ilẹ̀kùn ilé náà ti tì mọ́ mi nìyẹn, n kò sì ní lè wo ọmọbìnrin náà lójú mọ́ láé.

Bàbá jókòó ti àpótí dígí náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tí mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin apẹja! Èyí tí ẹ ń pa nínú ọ̀sà kò tó yín, ẹ tún tọ tèmi wá sínú ilé?" Mo ní, "Rárá, sà."

Mo jókòó, mo ń wo ẹja. Àwa tí a dàgbà sínú iṣẹ́ ẹja, ẹja tó ń jà nínú àwọ̀n la mọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò tíì jókòó wo ẹja tó wà láàyè pẹ́ tó báyẹn rí. Àwọ̀ ọsàn àti búlúù tí ọmọbìnrin náà ròyìn fún mi lọ́nà ti parẹ́. Wọ́n ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n kó ara wọn sí igun kan, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Bí mo ti ń wò wọ́n, aládùúgbò kan wọlé, ó kí bàbá, ó bu búrẹ́dì tó mú dání, ó sì wọ́n ọn sínú omi kó tó jókòó. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn dé, tó ṣe bákan náà. Àṣà ilé náà nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń kí bàbá tí kì í fún ẹja rẹ̀ ní nǹkan. Nígbà tí búrẹ́dì wọ́n tó yẹn, ọlá ńlá ni kí ènìyàn bù nínú tirẹ̀ fún ẹja ẹni, bàbá kò sì jẹ́ kọ ọlá. Mo ti ọwọ́ bọ omi náà. Ó tutù bí omi kànga ìdájí, nítorí pé iná tó yẹ kó máa mú un gbóná ti lọ tipẹ́. Mo wa òkúta ìsàlẹ̀ díẹ̀, búrẹ́dì tó ti jẹrà sì rú sókè pẹ̀lú òórùn rẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá mi jọ rò ó pọ̀ nígbà tí mo padà. Òtútù ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di aláìlera, búrẹ́dì ba omi jẹ́, àwọn kòkòrò inú tí ojú kò lè rí sì rí àyè gbilẹ̀. Ó ní ká lo Fílájílì, èyí tí a ń fún ènìyàn tí inú bá ń yọ lẹ́nu. Kò dá wa lójú. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun mìíràn, mo sì gbé e lọ.

A kó ìdọ̀tí kúrò, a fi omi kànga tó ti yá oòrùn rọ́pò omi tó dọ̀tí díẹ̀díẹ̀, mo sì lọ oògùn náà kúnná sínú omi gbígbóná kí n tó dà á sí i. Kẹrosíìnì ti di wúrà nígbà náà, nítorí náà igi la fi ń gbé omi kaná. A ó rọ ọ́ sínú ìgò, a ó dé e pinpin, a ó sì rì í sínú àpótí kí ara omi lè máa yá. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í mutí ni bàbá, kò sí ìgò nílé rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló lọ tọrọ òfìfo ìgò ọtí kiri àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Imeke ti gbọ́ pé ìbànújẹ́ ẹja ti sọ bàbá di ọ̀mùtí.

Iṣẹ́ tó le jù ni bí a ó ṣe dá ọwọ́ oníbúrẹ́dì dúró láìfi àbùkù kan ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà ló yanjú rẹ̀. Ó ta aṣọ funfun bo àpótí náà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Ẹ má bínú o, ààwẹ̀ ni wọ́n wà." Ìyá àgbà kan láti ìjọ wọn gbọ́ ọ, ó tẹríba díẹ̀ síhà aṣọ náà, ó ní, "Ẹ kú ààwẹ̀ o. Olúwa á gbà á." Mo sáré jáde lọ fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà bá mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní, "Áà, o mọ ẹ̀rín rín!"

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ, bí kẹ́mísì bá ti tì, kí ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ igbe bàbá. Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà tí mo wọlé, bàbá ti ṣí aṣọ kúrò, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Dagbe! Dagbe!" Ọ̀rọ̀ Ògù nìyẹn, ó dára ló ń wí. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹja náà ti kúrò ní igun. Ó dúró sí àárín omi, àwọ̀ ọsàn rẹ̀ ń tàn bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lórí ọ̀sà, ó sì ń wá oúnjẹ kiri. Bàbá ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà tòun náà wá.

Gbogbo wọn ló yá. Ṣùgbọ́n èmi kò dáwọ́ lílọ dúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bàbá gbójú sókè. "Ọmọ apẹja, ẹja mi ti yá. Kí lo tún ń wá wò?"

Mo dúró sí igun ilé, oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi ṣì wà lórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà ló dáhùn.

"Bàbá mi, ẹ wò ó dáadáa. Ó ti dúdú. Ó dúró sí igun. Kò jẹun. Ẹja kan mà kù tí kò tíì yá."

Bàbá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di àpótí dígí mú. "Irú àìsàn yìí, Fílájílì kò ràn án," ó wí. "Lọ pe àwọn ẹbí rẹ wá."

Bí mo ṣe fẹ́ ìyàwó mi nìyẹn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì fi ipá mú mi sọ̀rọ̀ rí. Bí ìdààmú bá dé bá mi, tí mo wọlé láìwí nǹkan kan, yóò kàn wojú mi, yóò ní, "Ẹja mi ti dúdú," yóò sì lọ gbé omi kaná fún mi. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn pé ẹja kò ní ohùn tí yóò fi ké; bí ẹni kan kò bá jókòó tì í kó wò ó dáadáa, yóò kú síbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fún un ní búrẹ́dì. Èmi rí ẹni tó wò mí dáadáa.

Ìyàwó mi ti re ọ̀run báyìí. Ọmọbìnrin wa máa ń wá kí mi, ohùn ìyá rẹ̀ ló sì jogún. Nígbà tó wá kẹ́yìn, mo dúró ní igun, lẹ́bàá fèrèsé, mo kọjú síta, n kò mọ bí mo ti pẹ́ tó níbẹ̀. Mo gbọ́ tó gbé àwo kalẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Bàbá mi, ẹ ti ń dúdú o. Ẹ kúrò ní igun."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kúrò ní igun, mo sì jẹun.